Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Fi Bíríkì Ìṣeré Kọ́ Ṣọ́ọ̀bù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn kan, nítorí ohun ìṣeré ni ó jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èrò mi ni èyí: ó yẹ kí olúkúlùkù wa tí ó bá jáde lọ ṣe olùkọ́ mú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wọn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ní ìlú tí ó wà, kí wọ́n sì fi bíríkì ìṣeré kọ́ irú rẹ̀ ní kékeré, láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, kí ohunkóhun má ṣe yẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ yìí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò, ní ìtàn, àti ní òtítọ́ sísọ, ju bí ẹnu olùkọ́ nìkan ti lè kọ́ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òní ni àwọn olùkọ́ ti mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé a máa la ọpọlọ rẹ̀. Friedrich Froebel, ará Jámánì, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1837, a máa kó igi gígé kéékèèké fún wọn kí wọ́n fi kọ́lé. Lẹ́yìn èyí ni Hilary Page, ará Ìlú Ọba, ṣe bíríkì oníke tí ó ní orí róbótó-róbótó, tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Ní ọdún 1949 ilé-iṣẹ́ Lego ní ilẹ̀ Denmark bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 28 oṣù January ọdún 1958, wọ́n fi ìwé béèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí irú èyí tí a mọ̀ lónìí, tí ó ní ọ̀pá oníhò nínú tí ó ń di orí bíríkì ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Bí ẹ bá fún ọmọ kan ní irú bíríkì yìí mẹ́fà péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orí mẹ́jọ, ọ̀nà tí ó lè gbà tò wọ́n pọ̀ jẹ́ 915,103,765.

Ìlú Ìbàdàn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ní Jẹ́ríkò ni mo ti ṣe ìdánrawò olùkọ́ mi. Àdúgbò tí igi pọ̀ sí ni Jẹ́ríkò í ṣe. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí ìmọ̀ igbó ti ìjọba wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé bí University Press àti Evans Brothers fìdí kalẹ̀ sí, tí wọ́n ń tẹ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀, a ó dé Dùgbẹ̀, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin wà, tí Ilé Kòkó sì dúró gogoro. Kò sí ọmọ Ìbàdàn kan tí kò mọ Ilé Kòkó. A kọ́ ọ tán ní ọdún 1965. Àjà rẹ̀ jẹ́ 26. Owó tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa rí nínú kòkó ni a fi kọ́ ọ. Iná jó o ní ọdún 1985, a sì tún un ṣe. Ọmọ kíláàsì kẹrin lè ka gbogbo èyí fún yín láìkọsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà léèrè pé: Níbo ni àgbẹ̀ ń gbé kòkó rẹ̀ lọ kí ó tó di owó? Irú ilé wo ni? Ta ni ó dúró lẹ́yìn kántà? Kí ni ìyàwó àgbẹ̀ náà fi owó rẹ̀ rà nígbà tí ó ń padà lọ sí oko? Ọmọ náà yóò wò yín lójú, yóò sì dákẹ́. Ó mọ ilé tí ó ga jù lọ, kò mọ ilé tí ó bí i. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àwọn oníṣòwò sọ ilẹ̀ Gbági, tí kò jìnnà sí ojú irin náà, di ibùjókòó wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó wá, irú bí John Holt àti èyí tí ó di UAC ní ọdún 1929. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kòráà wá pẹ̀lú aṣọ, títí a fi ní òpópó kan tí ń jẹ́ Lebanon Street níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà kò gbẹ́yìn: ta ni kò gbọ́ orúkọ Adébísí Ìdíkàn àti ti Sàláámì Àgbájé nínú ọ̀rọ̀ òwò Ìbàdàn? Láti ìgbà náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tí òkè rẹ̀ jẹ́ ibùgbé, ti di ohun tí a mọ̀ mọ́ àdúgbò náà.

Lónìí, a ti kó ọjà aṣọ ńlá lọ sí Gbági Tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, èyí tí a fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè. Ilé Kingsway ti UAC ní Dùgbẹ̀, tí àwọn àgbà ṣì ń ròyìn rẹ̀, ti kógbá wọlé. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí ó kù, òmíràn ti di ilé ẹlòmíràn, òmíràn ti yí ojú padà, òmíràn kò sì sí mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀rù lásán ni mo ń dá bà yín, kí ó rántí Ìlọ́jọ̀ Bar ní Èkó. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n wà lára àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ilé náà ní ọdún 1855 ní ojúde Tinúubú. Ilé tí a ti ń jẹ tí a ti ń mu ni, tí orí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí iṣẹ́ ọnà sì wà lára ògiri rẹ̀. Ìdílé Ọláìyá rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ní oṣù September ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Ilé tí ó ti lo ju 160 ọdún lọ di òkìtì àlàpà. Ìwé àṣẹ kò gbà á là. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ fún ọmọdé bí ògiri ti nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn hàn án. Bí ó bá ṣe pé ọmọ ilé-ìwé kan ní Èkó ti wọn ilé náà, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ ní kékeré, a kì bá tún ní ilé náà padà, òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n à bá ní ẹlẹ́rìí. Ó sì ṣeé ṣe kí ariwo tí ó tẹ̀lé wíwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ilé kan kì í dákẹ́ nígbà tí a bá gbé òòlù sí i.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ní Jẹ́ríkò, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi yan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Gbági, tí ẹni tí ó ni ín fi ọ̀yàyà yọ̀ǹda fún wa. A mú okùn ìwọ̀n dání. Ojú ilé náà jẹ́ mítà 12. Ilé ìsàlẹ̀ ga tó mítà 4. A pinnu pé sẹ̀ǹtímítà 40 ilé ńlá yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ti ilé kékeré. Ìdí tí a fi yan 40 ni pé ọmọlangidi tí ó máa ń bá bíríkì wọ̀nyí wá ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4, èyí tí yóò jẹ́ ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.6. Báyìí ni ọmọlangidi náà lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láìdi òmìrán, láìdi aràrá.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Mítà 12 di sẹ̀ǹtímítà 30, èyíinì ni mìlímítà 300. Láti orí bíríkì kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 8. Bí a bá fi 8 pín 300, a ó rí 37 àti ààbọ̀. Kò sì sí ààbọ̀ orí nínú bíríkì tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ṣé 37 ni kí a lò ni, tàbí 38? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò fi sẹ̀ǹtímítà 16 yàtọ̀ sí ilé ńlá, èkínní ní kíkúrú, èkejì ní gígùn. Kíláàsì pín sí méjì, àríyànjiyàn sì gbóná. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, àárín gbùngbùn ni ìlẹ̀kùn wà. Orí mẹ́rin ni ìlẹ̀kùn. Bí a bá lo 37, yóò ku 33, ọ̀tún àti òsì kò ní dọ́gba. Bí a bá lo 38, 17 yóò wà ní ọ̀tún, 17 yóò wà ní òsì." Àríyànjiyàn parí. A lo 38, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a fi sẹ̀ǹtímítà 16 kún ilé náà, àti ìdí rẹ̀. Ní ti gíga, bíríkì kan ga ní mìlímítà 9.6, pẹlẹbẹ kan sì jẹ́ ìdá mẹ́ta rẹ̀, 3.2, bíríkì mẹ́wàá àti pẹlẹbẹ kan fún wa ní 99.2 nínú 100 tí à ń wá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìgbà wo ni ẹ rí ọmọ kíláàsì kẹrin tí ó ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun ṣe ìṣirò oní-ìdá sí i?

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ mí lójú jù ni àwọn ìbéèrè tí ilé náà bi wá. Ẹni tí ó ń ka ìwé lè fo ohun tí kò yé e. Ẹni tí ó ń kọ́lé kò lè fo ògiri. Nígbà tí a dé inú ṣọ́ọ̀bù, a rí i pé kántà àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Báwo ni ó ti ga tó? Ìwé kankan kò sọ fún wa. Àwọn ọmọ bá lọ bá ìyá àgbà kan ní àdúgbò, tí ìyá tirẹ̀ ti máa ń ra aṣọ ní Gbági láti lọ tà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, mà, báwo ni kántà ti ga tó láyé ọjọ́un?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ẹ fẹ́ fi gíga kántà ṣe?" Lẹ́yìn náà ó ronú díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan àyà ọmọkùnrin kan tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní, "Ibí yìí ni ó dé mi nígbà tí mo tó báyìí. Bí mo bá nà ró, mo ń rí òṣùwọ̀n; bí n kò bá nà ró, orí àwọn aṣọ nìkan ni mò ń rí." A fi okùn wọn ọmọ náà láti ilẹ̀ dé àyà: mítà kan. Bíríkì méjì àti pẹlẹbẹ méjì. Báyìí ni ohun tí ó wà nínú ọkàn àgbàlagbà kan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣe bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ, tí ó sì di ohun tí a lè fojú rí. Bí wọn kò bá kọ́lé, wọn kì bá tí béèrè. Bí wọn kò bá sì béèrè, ìyá ìbá gbé e lọ sí ọ̀run.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta ko ọ̀rọ̀ mi, ó sì tọ́ kí n dá wọn lóhùn.

Ẹni èkínní yóò ní eré ni èyí, àkókò ilé-ìwé kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ní tèmi rò pé eré tí a fi òye ṣe kì í ṣe ìfiṣòfò. Ekow Nimako, ọmọ ìran Gánà tí ó ń gbé ní Kánádà, kì í ṣe ọmọdé. Síbẹ̀ bíríkì Lego dúdú ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ní ọdún 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Aga Khan ní Toronto ṣe àfihàn ìlú Kumbi Saleh tí ó fi bíríkì kọ́, olú ìlú ilẹ̀ Gánà àtijọ́, bí ó ti rò pé yóò rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Òun fi bíríkì wo ọjọ́ iwájú. Kí ni ó dé tí àwa kò lè fi í wo ẹ̀yìn?

Ẹni èkejì yóò ní owó kò sí, bíríkì wọ̀nyí sì wọ́n. Òtítọ́ ni ó sọ. Garawa kan péré ni àwa ní, àwọn òbí ni ó dá a jọ fún wa, kò sì tó. Nígbà tí ó tán, a bó ojú páálí kan, inú rẹ̀ sì rí wọ́gọ́-wọ̀gọ̀ gẹ́gẹ́ bí páànù. Òun ni a fi bo òrùlé. Ilé-ìwé tí kò ní bíríkì kankan lè fi amọ̀ ṣe é, kí wọ́n pò ó, kí wọ́n fi páálí ìṣáná ṣe ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì sá a sóòrùn. Wọ́n lè fi pòròpórò ṣe òpó àti fèrèsé. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń mọ ilé, ìpele kan kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e? Ohun tí ó ṣe pàtàkì kì í ṣe ike tí ó ti òkèèrè wá, bí kò ṣe òfin tí ó wà nínú iṣẹ́ náà: pé kí bíríkì gbogbo dọ́gba, kí ìwọ̀n má sì parọ́.

Ẹni ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Yóò ní, "Ta ni ó ni àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí? Ṣé kì í ṣe àwọn àjèjì tí wọ́n ra kòkó wa ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n sì ta aṣọ fún wa ní ọ̀wọ́n? Kí ni ó kàn wá láti kọ́ ilé wọn?" N kò fi ojú di ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kòkó pa ìmọ̀ pọ̀ lórí iye tí wọn yóò máa san, kí wọ́n má baà máa bá ara wọn díje. Ní Gold Coast, àwọn àgbẹ̀ kọ̀, wọn kò ta kòkó wọn títí di oṣù April ọdún 1938. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, Nigerian Youth Movement gbóhùn sókè sí i. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó mú mi sọ pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, kí a má sì kọ́ ojú rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ilé láti òde lè ya ẹwà rẹ̀, kí ó sì lọ. Ẹni tí ó bá kọ́ inú rẹ̀ kò lè ṣàìgbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Bí ó bá sì gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, kò lè ṣàìbéèrè ẹni tí ń ka nọ́ńbà rẹ̀, àti bóyá àgbẹ̀ tí ó dúró ní ẹ̀yìn òde kántà lè rí i. Nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa, àwọn ọmọ gbé ọmọlangidi kan sí ẹ̀yìn kántà, wọ́n gbé méjì sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì yí ojú òṣùwọ̀n sí apá ẹni kan ṣoṣo. Wọ́n bi mí pé apá wo ni ó tọ́ kí ó kọjú sí. Ó yé mi nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ìtàn ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ilé kékeré kì í ṣe ilé ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, níwọ̀n bí àwọn ọmọ ti kọ́ ọ ní bíríkì, a lè wá wó ti gidi. Odi Jẹ́ríkò ti inú Ìwé Mímọ́ wó nípa ìpè àti ariwo. Àwọn odi tiwa ń wó nípa ìdákẹ́jẹ́ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ níláti jẹ́ ohun tí yóò mú kí àwọn àgbà bojú wo ilé náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, bí olúkúlùkù ti ń padà sí ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe Ọ̀yọ́ tàbí Ìṣẹ́yìn, Abẹ́òkúta tàbí Oǹdó, kí ó wá ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan rí. Kí ó gba àyè lọ́wọ́ onílé. Kí ó wọn ojú rẹ̀, gíga rẹ̀, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Kí ó bi àgbà méjì, kì í ṣe ọ̀kan, ní ohun tí a ń tà níbẹ̀ àti ibi tí kántà wà. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bá sì bára mu, kí ó kọ ti àwọn méjèèjì. Kí a kó gbogbo ìwé wọ̀nyí jọ sí yàrá ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kí ẹni tí a bá rán lọ sí ìlú náà láti kọ́ni lè rí wọn lò. Okùn ìwọ̀n kan, ìwé kan, àti lẹ́ẹ̀dì kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá tètè padà dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó páálí tí ẹ bá rí wá pẹ̀lú, nítorí òrùlé ni ó máa ń kọ́kọ́ tán.